Ohun Tuntun Nìkan Ló Ní Pọ́ìntì

"Tíń!" Fóònù ọmọọmọ mi dún ní pálọ̀ wa ní Ikate. Nínú géèmù rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ti balẹ̀ sí ayé mìíràn, ó ń ṣa òkúta fún ìwádìí.

"Bàbá, ohun tuntun nìkan ló ní pọ́ìntì. Ẹ ṣa gbogbo èyí tó wà nítòsí kẹ́ ẹ tó fò. Ìyẹn ló yá jù."

Ha! Mo ti ṣe irú eré yìí kí iná mànàmáná tó dé Ikate.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi ń kérora nínú yàrá, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kú ni. Mi ò lè jókòó.

Ìyá àgbà ní, "Aláìfarabalẹ̀, lọ sétí òkun. Mú ohun tí n kò tíì rí lọ́wọ́ rẹ wá, n ó fún ọ ní àgbọn."

Mo kó ìkarahun dé lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti rí èyí! Òmíràn!"

Mo tún sáré. Iyanrìn ń jó mi lẹ́sẹ̀. Mo mú akàn tó tó orí ewúrẹ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó bi òkun léèrè.

Àṣé igbe ìyá mi ni wọn ò fẹ́ kí n gbọ́.

Nígbà tí mo dé, igbe tín-ín-rín ọmọ tuntun kan ń jáde látinú yàrá. Mo ju akàn sílẹ̀.

"Màmá mi ńkọ́?"

"Ó ń béèrè rẹ," ni ìyá àgbà wí, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.