Ẹṣin Alájì Lọ́jọ́ Iléyá

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ní Ìkọ̀lé pé mò ń lọ kọ́ ẹṣin nínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn nígbà náà, mi ò ríṣẹ́, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Alájì. Òwò kòkó ló fi lówó. Ó ra ẹṣin funfun kan láti Òkè Ọya, kí ó lè máa gùn ún lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá bí àwọn ọlọ́lá yòókù. Ọkùnrin tó mú ẹṣin náà wá fẹ́ dúró díẹ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n Alájì ní kó máa lọ, pé ẹni tó ti ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn láti kékeré kò nílò olùkọ́. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tó sọ ọ́, mo ṣì kórìíra rẹ̀ dòní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nípa ìlera ẹṣin, ìwà rẹ̀, àti bí a ṣe lè jẹ́ kí ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kafé tí mò ń lọ wà nítòsí ọjà, àwọn ọmọkùnrin tó ń lu òyìnbó ní jìbìtì ló sì kún inú rẹ̀. Àárín wọn ni èmi obìnrin máa ń jókòó sí, tí mò ń wo àwòrán ẹṣin. Àwòrán náà kò sì yá. Orí ló kọ́kọ́ máa ń jáde, lẹ́yìn náà ọrùn, nígbà tó bá sì fẹ́ kan ikùn, iná á lọ. Ó pẹ́ tí mo fi mọ etí ẹṣin ju pátákò rẹ̀ lọ. Ìyálé Alájì, tí mò ń pè ní Màámi, ti pinnu ní tirẹ̀ pé ọkọ òyìnbó ni mò ń wá. Níwájú àlejò ló ti máa ń bi mí pé, "Uṣẹ́ kí lo tún lọ ṣe ní kafé? Ọkọ ọ̀ún ò tíì í bọ̀ nulé?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà sì tún ń fi ohun ẹ̀rín lé wọn lọ́wọ́: mo ra kóòtù funfun bíi ti dókítà, òun ni mò ń wọ̀ lọ bu omi fún ẹṣin, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń wò mí.

Olùkọ́ wa, tí mi ò fojú rí rí, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ara ni ẹṣin fi ń sọ̀rọ̀ bí ìrora bá mú un. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, tó ń yíjú wo ikùn ara rẹ̀, inú ló ń run ún. Ó tún kọ́ wa pé ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti gbé mì, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Alájì létí níbi tó ti ń jẹun, bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Ó bu òkèlè mìíràn.

Láàárọ̀ Iléyá, Màámi gbé ọpọ́n gàrí gbígbẹ fún ẹṣin, kó lè lágbára láti gbé ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọpọ́n òfìfo ni mo bá. Ẹṣin ti mu omi lé e, gàrí sì ń wú níkùn rẹ̀ bí gàrí ti í wú. Nígbà tí wọ́n fi máa dì í ní gàárì, ó ti ń walẹ̀. Ó walẹ̀, ó yíjú wo ikùn, ó tún walẹ̀. Mo sáré bá Alájì níbi tó ti ń wé láwàní, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún lónìí. Inú ń run ún."

"Ta ló sọ fún ọ? Kọ̀ǹpútà?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, Bàbá. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ayọ̀ ni. Ó mọ̀ pé ọdún dé. Dìde nulẹ̀, má ba ọdún jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó gùn ún. Mo tẹ̀ lé wọn dé yídì. Níwájú gbogbo ìlú, ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ títí eruku fi sọ. Ó tẹ orúnkún, ó fẹ́ dùbúlẹ̀, Alájì fa ìjánu, ó tún dìde. Ni àwọn ènìyàn bá pariwo pé, "Ẹ wò ó, ó ń jó! Ẹṣin Alájì ń jó!" Àwọn obìnrin dá orin sí i, àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́, òógùn sì ń kán lọ́rùn ẹṣin. Alájì ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wọn. Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pátá, ó sì wù mí kí Alájì já bọ́.

Bí a ti wọ àgbàlá báyìí, ẹṣin wó lulẹ̀ tòun ti gàárì, ó ń yí gbiri. Màámi figbe ta pé àwọn onílara ti fún un ní májèlé jẹ. "Ẹ gbépo wá, kó bì í!" Mo ní kò lè bì, pé ẹ̀dọ̀fóró ni epo máa gbà lọ, pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé e dìde, ká sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Mo dúró síwájú orí rẹ̀. Alájì gbá mi létí lójú àlejò. Wọ́n tì mí sẹ́yìn, wọ́n gbé orí ẹṣin náà sókè, wọ́n sì ń da epo pupa sí i lọ́fun. Ó wúkọ́. Epo ń gba ihò imú rẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó kírun màgàríbà, ó ti kú.

Ọ̀rẹ́ Alájì kan tó wá bá a kẹ́dùn mi orí, ó ní, "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Èwo ni a ò mọ̀, nígbà tí ẹran náà ti ń wí láti àárọ̀ lójú gbogbo ìlú? Alájì ní ẹnu mi ló pa á, pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ burúkú ṣíde ọdún. Mo kó ẹrù mi lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Òsì lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Níbẹ̀ ni mo ti parí ẹ̀kọ́ náà, òun ni mo sì fi ń jẹun títí di ìsinsìnyí.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a padà sọ́dọ̀ ara wa, nítorí ẹbí ò ṣeé kọ̀. Ní Iléyá tó kọjá, ìyàwó tuntun ọmọ Alájì dúró nídìí fọ́tò ńlá kan nínú pálọ̀. Alájì ló wà nínú rẹ̀, lórí ẹṣin funfun yẹn ní yídì, ẹsẹ̀ ẹṣin kan wà lókè. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni ẹṣin Bàbá máa ń jó?" Alájì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ti ń rẹ́rìn-ín lórí àga, ó ń retí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Kò jó, ìyàwó. Inú ló ń run ún. Ọjọ́ yẹn náà ló kú."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú bàbá. Nígbà tí a jẹun tán, àwọn ẹbí fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní ṣé mi ò rí i pé ó ti darúgbó ni, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣe. Mo rí i. Èmi ni mò ń ra oògùn rẹ̀, èmi ni mo gé ẹran sínú àwo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè é ní ijó lójú mi, n ó tún wí.