Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Mẹ́rin ní Òkukù

Fọláfúnmi kì í fi ìdúró wo ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Tó bá ti wọ kíláàsì, á lóṣòó títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ojú ọmọ ọdún mẹ́rin dọ́gba, á wá wo ohun tí ọmọ náà ń rí. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tó ẹ̀rọ omi? Ṣé ó lè dá ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣí? Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Inísà, máàkì mọ́kànlélógún péré ló fún wọn nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tímótì, bi í bóyá ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ láàánú.

"Òǹkà ni wọ́n kọ́ mi, sà," ló fi dá a lóhùn.

A jọ jáde ilé ìwé ni, a sì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà ní Ìkìrun. Àjọ tó gbà wá síṣẹ́ fẹ́ mọ bí àwọn jẹ́lé-ó-sinmi agbègbè wa ṣe rí. Fọláfúnmi ló ń lọ wò wọ́n. Èmi ni mo ń tẹ máàkì tó bá mú bọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà tí máàkì wọn bá kéré jù ni àjọ náà yóò kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún. Wọn ò jẹ́ kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé àga pamọ́ nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún àwa. Fọláfúnmi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ilà sí i nídìí.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Òkukù.

Ìyáàfin Ọmọ́jọlá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá, ni ọ̀gá ibẹ̀, àwọn ló sì kọ́ Fọláfúnmi ní A, B, D. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú yàrá kan. Àwọn ohun ìṣeré tí ẹnì kan ta wọ́n lọ́rẹ ṣì wà nínú ọ̀rá lórí pẹpẹ, kí àwọn ọmọ má baà bà wọ́n jẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí. Inú igbó ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń lọ.

"Fọlá, nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, ta ló ń nu imú fún ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Èmi ò ṣáà tíì fìdí rẹmi rí."

Fọláfúnmi kò lóṣòó lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì fi ìdúró kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Màmá fi ẹnu júwe igbó: "Ibẹ̀ yẹn la máa kọ́ ọ sí. Mẹ́rin ni."

Ó kọ ọ́ pé mẹ́rin ló wà. Máàkì mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí Ìtùnúolúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo bi Fọláfúnmi léèrè.

"Kí ni kí n wí?" ló ní. "Pé tíṣà mi gba ogún?"

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Irọ́ náà di tàwa méjèèjì.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà jáde. Ti Inísà ló ṣíwájú. Ti Òkukù kò sí níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tímótì gbé iṣu mẹ́ta wá sí ọ́fíìsì. "Ẹ bá mi kí ìyá yín tó kọ́ yín ní òǹkà," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iṣu náà hù síbẹ̀. Fọláfúnmi kò fọwọ́ kàn án.

Ó kọ lẹ́tà sí àjọ náà, ó sì jẹ́wọ́. Lẹ́tà tó dára ni, àfi pé ó pẹ́. Wọ́n fèsì pé ó di ọdún méjì sí i kí àwọn tó tún yan ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ àbẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù láti lọ sọ fún Màmá. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìyókù fún mi. Wọ́n ti fi férémù sí ìwé máàkì tó fún wọn, wọ́n gbé e kọ́ sókè pátákó ìkọ̀wé. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin.

"Ṣé o mọ̀ kí o tó kọ ọ́?"

"Mo mọ̀, mà."

Màmá gun àga, wọ́n sọ férémù náà kalẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ìgbà yẹn ni Ìtùnúolúwa dé, ó di aṣọ Fọláfúnmi mú.

"Àǹtí, mo fẹ́ ṣu."

"Mú un lọ," ni Màmá wí. "Ìwọ lo mọ ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà."

Wọ́n gba ẹ̀yìn kíláàsì. Òjò ti rọ̀, koríko tutù dé orúnkún ọmọ náà. Fọláfúnmi wo ilẹ̀ bóyá ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, ó tẹ koríko mọ́lẹ̀, ó sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà bó ti máa ń ṣe.

"Àǹtí, ẹ má wò mí."

Ó yí ojú rẹ̀ sápá kejì.