Aago Ọwọ́ Ọkọ Mi

Bí ọkọ mi bá fẹ́ nà mí, aago ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́. Yóò rọra gbé e sórí tábìlì kí ó má baà fọ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkòròdú, mo fẹ́ kọ ìwé nípa àwọn ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ mi ní kí n má fọwọ́ kan Windows òun, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ilé wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan bá mi fi Linux, ètò mìíràn irú rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà. Bí a bá ti tàn án, orúkọ méjèèjì a jáde kí a lè mú ọ̀kan. Àṣìṣe wa ni pé tèmi ló wà lókè.

"Ta ni olórí ilé yìí?"

"Ẹ kàn tẹ ti ìsàlẹ̀, Dádì. Tiyín nìyẹn."

"Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ rẹ?"

Ó bọ́ aago. Eyín mi méjì bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọmọ odó fọ́ kọ̀ǹpútà náà túútúú, tòun ti ìwé mi tí kò ní ẹ̀dà.

Nígbà tó kú, àwọn àbúrò rẹ̀ gbé aago náà fún mi. "Ẹ tọ́jú ẹ̀, Mọ́mì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wa."

Mo dúpẹ́. Mo rọra gbé e sórí tábìlì, mo sì lọ mú ọmọ odó wá.