Yàrá Tí A Dí Nítorí Òjòlá

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Málété gbé ejò wálé. Rọfíà lorúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ figbe ta títí dé ojú títì. Èmi ní kí wọ́n gbé e wá kí n wò ó. Òjòlá kékeré ni, ó ká jọ sínú àpótí onígíláàsì. Gílóòbù ń tàn sí apá kan kó lè móoru, apá kejì tutù díẹ̀. Rọfíà fín omi sórí ìyẹ̀fun pákó tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àlájà, tí kò bá sí ọ̀rinrin, awọ ẹ̀ ò ní bọ́ dáadáa." Òórùn pákó tútù tó ń móoru yẹn wọ imú mi, omi sì lé sí mi lójú. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà tí ejò kọ́kọ́ wọ agboolé wa. Baba Eléjò ló gbé e wá, ọkùnrin Haúsá gígùn kan tó ń fi ejò ṣeré ní Ọ̀fà Garage, tó sì ń ta oògùn inú rírun fún èrò tó bá pagbo. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ìyàwó ilé kùn. Ó ní àlejò Ọlọ́hun ni, ó ní ejò inú àpótí sàn ju ahọ́n àwọn kan lọ.

Tàlátù, ọmọ Baba Eléjò kan ṣoṣo, ló bá a wá. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín nítorí eyín tirẹ̀ náà ti yọ. A jọ ń pọnmi, a jọ ń lọ sí ilé kéwú, a jọ ń jẹgba lọ́wọ́ alùfáà kan náà. Ó kọ́ mi ní èébú Haúsá tí mo fi ń bú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn ò sì mọ̀.

Ọyẹ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ọyẹ́ ìgbà náà ń la ètè, ó ń la gìgísẹ̀, ó ń la ilẹ̀kùn pákó. Bí òjòlá bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á ṣe bàìbàì bí ojú arúgbó. Bí afẹ́fẹ́ bá sì gbẹ jù, awọ náà á máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ojú á fọ́ ọ lójú. Bí èyí tí Baba Eléjò ní tẹ́lẹ̀ ṣe kú nìyẹn. Ó sì ti sọ fún Ìyá Àgbà lójú àwa méjèèjì pé, "Kaka, tí èyí bá kú, ó parí. Àá padà sílé." Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni ilé tó ń wí. N kò fẹ́ràn ejò rí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mò ń ṣàdúrà fún un, nítorí n kò fẹ́ kí Tàlátù lọ.

Baba Eléjò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń tẹ́ àkísà tútù sínú àpótí, ó ń gbé ìkòkò omi tì í. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á fi àpáàdì kó ẹyín iná fún un láti ìdí àdògán. Baba Eléjò á gbé e síbi tí kò ní jó pákó, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ara àpótí bí ẹni ń wo ibà ọmọ, á sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀. N kò rò pé òun gan-an mọ ìdí tó fi ń ṣí fèrèsé yẹn. Ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tí ojú òjòlá ṣe bàìbàì, ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà Málété, ó sì di dandan kí Baba Eléjò lọ ta oògùn, kó sì sùn síbẹ̀. Ó fi ejò síkàáwọ́ Tàlátù: "Má jẹ́ kí òtútù mú un." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tàlátù gba iná lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó wọlé, ó fi àkísà dí fèrèsé, ó dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó dí gbogbo ibi tí òtútù ń gbà wọlé. Mo ní kí n lọ bá a sùn. Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ kan tó ń bá ejò sùn ti tó nínú ilé yìí." Mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

Láàárọ̀ a kanlẹ̀kùn, kò dáhùn. Wọ́n fi èjìká já a. Tàlátù fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdérí, ara rẹ̀ ti tutù. Àwọn kan pariwo ejò, àwọn kan ní àlùjànnú ni. Ìyá Àgbà wọlé, òòyì kọ́ ọ, ó di ògiri mú. "Kì í ṣe ejò," ló wí. "Iná ló jẹ afẹ́fẹ́ inú yàrá yìí tán." Ó wá rántí ẹni tó kó iná náà fún ọmọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Òjòlá yè. Ó ti bọ́ awọ lódindi láti imú dé ìrù, kò já níbì kankan. Mo kórìíra rẹ̀.

Kí Baba Eléjò tó dé, a ti sin ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ tútù ló bá. Ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà gbé ọkọ́, ó dá ihò sí ògiri yàrá yẹn, lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Ó dá òmíràn sí gbogbo yàrá ilé. Ilé amọ̀ yẹn ti wó, búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Àdògán ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù. A sì ń gbọ́ ti àwọn ìdílé tó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀kùn, tí ilẹ̀ ò sì mọ́ bá wọn. Láti ìgbà ihò yẹn, ilé wa ò rí irú rẹ̀ mọ́. Bíríkìlà tó bá ń kọ́ yàrá tuntun fún wa a máa ráhùn pé ẹ̀fọn á wọlé. A máa ń dá a lóhùn pé kó má gbàgbé Tàlátù.

Àwọn ọmọ ilé wa rò pé orúkọ ihò ni. Ọ̀rẹ́ mi ni.