Abẹ́rẹ́ Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bí wọn. Nínú oyún ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní àrùn mẹ́dọ̀wú wà níbẹ̀, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ẹni tó gbé e kò ní mọ̀, tó sì ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ran ẹlòmíì. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn nígbà náà: kí n má fi ran ọmọ. Àṣé ọmọ méjì ni.

Ọjọ́ tí mo bí wọn ni wọ́n ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi á pọn ọ̀kan, ìyá ọkọ mi á pọn èkejì, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Agboju dé ilé ìwòsàn kan ní Festac, títí abẹ́rẹ́ fi pé. Oòrùn á pa wá, ìlà á gùn. Bí ọmọ kan bá dákẹ́ ẹkún, èkejì á bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pé ọdún kan ó lé díẹ̀, wọ́n ní ká kó wọn wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ lára wọn. Ti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ fà. Ọmọ náà ké débi pé àwọn tó jókòó dìde. Bí wọ́n ṣe yíjú sí àbúrò, ìyá ọkọ mi gbá a mọ́ àyà.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Ta ló ń bi ìbejì ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mejì?"

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Nílé wa, bí a bá ra bàtà fún ọ̀kan, a ra fún èkejì. Bí ara ọ̀kan bá gbóná, àwọn méjèèjì la ń fún lóògùn. Èsì ẹ̀gbọ́n jáde, ó dára. Mo ka èsì ọ̀kan sí ti méjì, mo lọ sùn.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí Apple Junction tó yẹ káàdì àjẹsára wọn wò.

"Ìyá Ìbejì, èsì ti àbúrò dà?"

"Wọ́n ti yẹ ẹ̀gbọ́n wò, mà."

Ó wo àwọn ọmọ náà, ọ̀kan pupa, èkejì dú. "Ojú wọn ò jọ, imú wọn ò jọ, ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ wá fẹ́ kó jọ?"

Ìyá ọkọ mi, ọmọ onílẹ̀ ní Amuwo, kò gbà. "Inú kan ló bí wọn."

"Màmá, nígbà tí ẹ pín ogún bàbá yín, ṣé ibì kan náà ni gbogbo yín gbà?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Ilẹ̀ la pín, a ò pín ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pín fún yín, Màmá. Ohun tí ọmọ kan mú lára bàbá àti ìyá, èkejì lè má mú un. Ara ẹlòmíì wà tó jẹ́ bó ṣe jogún rẹ̀ nìyẹn: abẹ́rẹ́ á wọlé, ara ò ní dá a lóhùn."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àbúrò. Àrùn kò sí níbẹ̀, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ààbò tó yẹ kí abẹ́rẹ́ fún un kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó ti ń jẹun ni mo ti ń fi ẹnu mi rún ẹran fún un, ẹ̀jẹ̀ eyín mi sì lè bá a lọ.

A tún abẹ́rẹ́ gún látìbẹ̀rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrìn kan náà, ìlà kan náà. Ìyá ọkọ mi kò jiyàn mọ́. Òun ló ń di ọwọ́ ọmọ mú. Èsì jáde: ara kò tún dáhùn.

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọ."

Kí n ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ta? Èmi tí mo bí i náà ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀bẹ gé mi níka níbi tí mo ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́. Àbúrò sáré wá, ó ti ká ẹnu jọ.

"Mọ́mì, ẹ mú un wá, kí n bá yín fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Mo fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn. Mo ní kó lọ bá Màmá ní pálọ̀. Ó dúró, ó ń wò mí, kò lọ.