Ṣọ́jà Ẹlẹ́sẹ̀ Kan Inú Pálọ̀ Wa

Orí bèbí òyìnbó kan tí wọ́n jù sórí ààtàn lẹ́yìn ilé wa ní Ìtòkú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo fá irun pupa orí rẹ̀, mo fi pólíìṣì bàtà kun ojú rẹ̀ títí ó fi dúdú bíi tiwa. Lẹ́yìn náà ni mo ra ara ṣọ́jà onírọ́bà kan tí kò lórí mọ́ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta àlòkù nǹkan ní Láfẹ́nwá. Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ọrùn rẹ̀, mo sì fi okùn so orí mọ́ ọn. Ara bèbí mìíràn ni apá rẹ̀ ti wá. Apá náà gùn jù, àmọ́ ó di ìbọn mú.

Mo ti jáde ilé ìwé girama nígbà náà, mò ń bá ìyá mi ta àdìrẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń mú ọkọ wálé, èmi ń tọrọ àjákù kakí lọ́wọ́ télọ̀, mo sì ń gé tíúbù kẹ̀kẹ́ fi ṣe bàtà ogun. Wọ́n ní kí ló ń ṣe àgbà ọmọbìnrin tó ń ṣeré bèbí. Mi ò fi àwọn bèbí náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí bàbá mi ni. Ó lọ sógun abẹ́lé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan ló gbé bọ̀. Láti ìgbà tó ti dé, inú yàrá ló ń gbé. Bí àlejò bá wọlé, ará ilé á ní ó ń sùn, ojú rẹ̀ á sì là sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ogun fún. Ó sọ ti ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn, tó máa ń fi ìkòkò borí bí òjò bá dé. Ó sọ ti ẹni tó ń gbé rédíò, tí kì í yé kọrin. Bó bá ti sọ ọ̀kan, màá lọ ṣe é. Ìkòkò alásè, ọmọrí ìgò ni. Páálí ìṣáná ni rédíò, mo sì ti igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí.

Lọ́jọ́ kan, mo kó gbogbo wọn lọ bá a. Ó yẹ̀ wọ́n wò pẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé, "Èmi dà?"

Ẹsẹ̀ bèbí kún àpò mi. Bí mo bá fẹ́, ǹ bá ti ṣe bàbá mi ní odindi. Ṣùgbọ́n bàbá tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn. Mo ṣe é bó ṣe wà, mo ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, mo sì gbé e síwájú àwọn yòókù lórí tábìlì pálọ̀.

Ọdún tí àwọn ológun tún gba ìjọba ni. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ọlọ́jà, torí ṣọ́jà ń já ṣọ́ọ̀bù àwọn tó bá kó ọjà pamọ́, pàápàá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlàájì, tí ṣọ́ọ̀bù wọn kún fún ọjà. Àlàájì yà sí wa bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, èèyàn méjì tẹ̀ lé wọn. Ojú wọn bọ́ sórí tábìlì.

Àlàájì ní, "Bí ṣọ́jà kan bá wọlé wá bá èyí, tó ní à ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Fi ẹsẹ̀ sí i, tàbí kí o kó gbogbo rẹ̀ dànù."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlàájì. Mi ò ní fi ẹsẹ̀ sí i."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n, ó ń fi ojú sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Àlàájì nawọ́ kí wọ́n gbé e. Mo yára gbé e ṣáájú wọn, mo gbé e mọ́ àyà.

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ìró igi tí bàbá mi fi ń rìn. Ó jáde sáàárín àlejò ní ọ̀sán gangan. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó, ó ní kí n gbé ṣọ́jà náà wá. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìlà oyè méjì ló kù ká rán sí apá rẹ̀," ó wí. "Kọ́púrà ni mí."

Àlàájì ní ṣé bàbá mi náà ti ń ṣeré ọmọdé ni. Bàbá mi dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mi ló gé, ẹ̀mí mi kò gé. Bí ojú bá ń ti ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú funfun. Mo rán ìlà méjèèjì sí apá ṣọ́jà náà níbẹ̀, níṣojú Àlàájì. Ìlà náà gún régé. Àlàájì àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn dìde, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyá mi gbé ka iwájú wọn.

Ó pẹ́ kí Àlàájì tó tún wọ pálọ̀ wa. Ìta ni wọ́n ti ń kí wa, bàbá mi á sì dá wọn lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń jókòó lójoojúmọ́ báyìí, ṣòkòtò rẹ̀ ní kíká sókè. Bí àwọn ọmọdé bá béèrè ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ó máa ń sọ fún wọn.