Ọjọ́ Tí Mo Di Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lọ Sílé Ìwé Kafayátù

Ẹ̀yin ọmọ, èmi àgbàlagbà yìí ti purọ́ eyín dídùn rí. Eyín kankan ò dùn mí o. Mo kàn mú áńkáṣíìfù funfun, mo fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti àgbọ̀n dé àtàrí, mo dé fìlà lé e, mo sì gun ọ̀kadà láti Ìgbẹ̀ìn lọ sílé ìwé íńtánáṣọ́nà tí Kafayátù, ọmọ àbúrò mi, ń lọ.

Ẹ̀rù ló fà á. Èkó ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọkọ̀. Òun ló pè mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìwé ní kí òbí kan wá bá kíláàsì wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó ń ṣe. Kafayátù ní ẹ̀yin lòun fẹ́." Ó ṣì ń ṣàlàyé lọ, àmọ́ etí mi ti di níbi "bá kíláàsì sọ̀rọ̀". Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Ìléwó. Òyìnbó tí mo gbọ́ ò ju èyí tí wọ́n fi ń ná aṣọ yáàdì márùn-ún lọ. Tí mo bá wá la ẹnu níwájú ọmọ àwọn ẹ̀ńjìníà, àti àwọn ọmọ ará Íńdíà tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ lágbègbè wa, ojú á ti ọmọ mi. Ẹni tí eyín ń dùn, ta ni yóò ní kó sọ̀rọ̀?

Nígbà tí mo wọ ọgbà náà, àwọn ọmọ ń fi òyìnbó kí mi, èmi ń mi orí bí alángbá. Mo yọjú wo yàrá kan, kọ̀ǹpútà ló tò lọ bẹẹrẹ. Ní èkejì, àwọn ọmọ wọ ẹ̀wù funfun bíi dókítà, wọ́n ń da omi aláwọ̀ búlúù sínú ìgò. Mo ní lọ́kàn mi pé ayé yìí kì í ṣe tèmi. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n lu agogo. Mo ti rò pé iná ni wọ́n fi ń lù ú níbẹ̀, àṣé ègé ojú irin rélùwéè ni, tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò, gẹ́lẹ́ bíi tayé ijọ́un. Ọwọ́ mi méjèèjì lọ sẹ́yìn fúnra wọn. Èmi, bàbá ọmọ márùn-ún, mo dúró ṣánṣán bí ẹni tó pẹ́ dé ilé ìwé.

Ilé ìwé tiwa, páànù ló bò ó. Bí òjò bá ń rọ̀, tíṣà á dákẹ́, àwa náà á dákẹ́, òjò ní ń kọ́ wa. Èmi àti Lásísì, ọmọ tí ògiri ilé wọn kan tiwa, ilé kéú la ti kọ́kọ́ ń lọ ní ìdájí, wàláà lábẹ́ abíyá, ká tó gba ẹ̀yìn àpáta bọ́ sílé ìwé. Lásísì mọ ìṣirò débi pé tíṣà máa ń fojú wò ó kó tó kọ ìdáhùn sójú pátákó.

Àmọ́ pátákó mìíràn wà, kékeré, olókùn. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, wọ́n á so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Kò sí bó ṣe lè bọ́ níbẹ̀ àfi kó ká Yorùbá mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu, kó sì gbé e kọ́ ọn lọ́rùn. Ọrùn tó bá wà nígbà tí agogo ìpadàsílé bá dún, ẹgba mẹ́fà ni. A wá ń gbá bọ́ọ̀lù bí odi. Ẹni tó bá gbá a wọlé, ọwọ́ ló máa ń jù sókè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọrùn mi ló wà, agogo sì kù díẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ń sá fún mi bí ẹni sá fún oyin. Lásísì nìkan ló wá jókòó tì mí lábẹ́ máńgòrò, tó bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sí méjì, tó fún mi ní èyí tó tóbi. Mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ yẹn tán. Mo wá fi gìgísẹ̀ tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi kọ òkúta láàárọ̀. Ó ké, "Yéè, ìyá mi o." Mo bọ́ pátákó, mo gbé e kọ́ ọn lọ́rùn. Kò bá mi jà, ó kàn ń wò mí. Ó gba ẹgba mẹ́fà. Nígbà tó di Mọ́ńdè, kò wá mọ́. Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sóko ní Ìtòrì, wọ́n ní ìwé ò bá a lára mu. Mi ò sọ fẹ́nì kan pé gìgísẹ̀ mi ni.

Nọ́ọ̀sì ilé ìwé Kafayátù ló rí mi níbi tí mo dúró sí, tó fà mí wọ yàrá rẹ̀. Kafayátù tẹ̀ lé wa, òwú aṣọ àti ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ti sọ fún tíṣà pé Dádì Ìgbẹ̀ìn òun, ìyẹn èmi, máa ń finá sí òwú, tí á gbóòórùn rẹ̀, tí á sì mọ̀ bóyá ojúlówó ni àbí ayédèrú. Omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. Kíláàsì ń dúró, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè sọ̀rọ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lẹ́nu, ó ń fi irin kékeré kan eyín mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin náà yọ̀, ó gún mi ní ẹran ìdí eyín. Mo ké, "Yéè, ìyá mi o."

Mo yára wo ẹnu ọ̀nà, kí n mọ ẹni tó ń gbé pátákó bọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Nọ́ọ̀sì kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Eyín yín le ju tèmi lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún Kafayátù: irọ́ eyín, ẹ̀rù òyìnbó, Lásísì, gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ti sọ pátákó nù tipẹ́, ọrùn mi ni ò gbọ́. Ẹgbẹ́ wa tó rù ú ti di bàbá àti ìyá, wọ́n sì ń fi òyìnbó tó dá lẹ́sẹ̀ kan bá ọmọ wọn wí. Agogo ò yí padà, ọ̀rẹ́ náà ò sì yí padà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo gbé aṣọ yáàdì márùn-ún lọ bá Lásísì ní Ìtòrì. Ó gbà á, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó bi mí bóyá mo ṣì ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ tí mo fi rìn dé Ìtòrì, ọ̀rọ̀ ẹnu Kafayátù ló tú u, ní yàrá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Ó tú áńkáṣíìfù lórí mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ìṣáná lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì Ìgbẹ̀ìn, èmi ni wọ́n fẹ́ fún ní máàkì, pé kí n túmọ̀ ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá wá sọ òyìnbó, kí ni màá túmọ̀?"